Mo Lọ Wo Àtẹ̀gùn Nínú Ilé Rẹ̀: Ọjọ́ Márùn-ún ní Morlaix

Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. London sí Plymouth

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní London. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, ọwọ́ bàbá mi ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú. Mo fi èyí ṣáájú nítorí òun gan-an ló fa ìrìn-àjò yìí.

Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo mú ọmọ mi obìnrin lọ sí mùsíọ́mù kan ní London, V&A. A bá àtẹ̀gùn onígi kan níbẹ̀ tó lọ́ yípo bí ìkarahun ìgbín, tí wọ́n gbẹ́ ère sí ara òpó rẹ̀. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni wọ́n ṣe é, ní ìlú Morlaix ní Brittany, ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Mo dúró tì í títí tí ẹsẹ̀ fi ń ro ọmọ mi. Iṣẹ́ náà dára, kò sí àní-àní. Àmọ́ ohun kan ń dùn mí nínú: àtẹ̀gùn ọ̀hún kì í gbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan. Kò sí yàrá lókè rẹ̀, kò sí ìdí iná nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sí ọmọ tí yóò sá gùn ún nígbà tí ìyá rẹ̀ bá pè é wá jẹun.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ mọ irú ìrora yẹn. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà wa láàrin 1910 sí 1914, British Museum ló wà lónìí. Wọ́n gbé e wá síbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní 1924. Mùsíọ́mù fẹ́ rà á, Ògògà kò gba owó. Àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún un. Òpó kan láti ààfin náà, tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́, wà ní Chicago. Bàbá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ igi nílùú tí wọ́n ti gbé ilẹ̀kùn yẹn jáde, inú ìwé nìkan ló sì ti rí i.

Nígbà tí mo wá gbọ́ pé ní Morlaix, àwọn ilé kan ṣì wà tí irú àtẹ̀gùn yẹn ṣì wà nínú wọn, níbi tí àwọn tó kọ́ ọ fi í sí, mo ní dandan ni kí n lọ fojú ara mi rí i. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Bàbá mi pè wá nígbà tí èmi àti ọmọ mi wà ní ibùdókọ̀ Paddington.

"Bí o bá débẹ̀, má kàn máa ya fọ́tò kiri o," ó ní. "Gbọ́ ohùn ẹ̀. Igi tó bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ máa ń fọhùn."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti gbọ́."

Rélùwéè lọ sí Plymouth gbà wá ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Roscoff gbéra lálẹ́. Orí àga la sùn. Ọmọ mi, tó ń kọ́ èdè Faransé nílé ìwé, ni agbẹnusọ wa.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú. Roscoff sí Morlaix

Ọkọ̀ gúnlẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Ìlú alálùbọ́sà ni Roscoff. Láti 1828 ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń kó àlùbọ́sà wọn sọdá òkun lọ tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, wọ́n ń dì í ní ṣìṣírí, wọ́n ń fi kọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń kiri láti ojúlé dé ojúlé. A ra díẹ̀, kí ìyá ọmọ mi má baà ní a lọ a bọ̀, a ò mú nǹkan kan wálé.

Bọ́ọ̀sì la wọ̀ dé Morlaix. Kí ènìyàn tó rí ilé kankan níbẹ̀, afárá rélùwéè ni yóò kọ́kọ́ rí. Òkúta akọ ni wọ́n fi mọ ọ́n, láàrin 1861 sí 1863. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 58, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 292, àárín gbùngbùn ìlú ló gbà kọjá. Inú àfonífojì ni ìlú náà wà. Odò méjì, Jarlot àti Queffleuth, ló pàdé níbẹ̀, wọ́n sì ti bò wọ́n mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé orí omi ni àwọn tó ń rìn ní gbàgede àárín ìlú ń rìn láìfura. Ẹ̀gbẹ́ òkè lọ́tùn-ún lósì kún fún ọ̀nà tóóró olókè pẹ̀lú àkàsọ̀ òkúta. Àpótí wa wúwo. A sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó dé ilé tí a gbà sí.

Ní ìrọ̀lẹ́, a gun afárá náà dé ìpele àkọ́kọ́, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà. Láti òkè ibẹ̀, òrùlé ìlú náà dúdú minimini, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bò wọ́n. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti ka ìtàn kan jáde láti orí fóònù rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 1943, ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ju bọ́ǹbù sí afárá yìí kí àwọn ọmọ ogun Jámánì má baà rí i lò mọ́. Bọ́ǹbù bọ́ sórí ilé ìwé kan nítòsí. Ọmọdé 39 àti olùkọ́ wọn ló kú.

A ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. London la ti wá, àwa náà. Ilé tí a wá wò kò jìnnà sí ibẹ̀, ibi tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí bọ́ǹbù kan bá ṣì bọ́ sí apá ibẹ̀, ìtàn ni à bá máa gbọ́.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́bọ̀. Ilé tó wà ní 33 rue du Mur

Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí ni Ilé Duchesse Anne. Anne yìí ló jẹ́ olórí Brittany ní tirẹ̀, tó sì di ayaba ilẹ̀ Faransé lẹ́ẹ̀mejì, fún ọba méjì tó tẹ̀ léra. Ó kọjá ní Morlaix ní 1505 nígbà tó ń rin ìrìn-àjò ìsìn yí Brittany ká, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn láti máa sọ pé ilé yìí ló sùn sí. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí Anne ti kú ní 1514 ni wọ́n tó kọ́ ilé náà. Mi ò bínú sí orúkọ ọ̀hún ṣá o. Bóyá bí kì í bá ṣe orúkọ ayaba tó wà lára rẹ̀ ni, wọn ì bá má kà á sí tó bẹ́ẹ̀. Ní 1883 ni ìjọba Faransé ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó.

A débẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, mo sì láyọ̀ pé a tètè dé, nítorí iwájú ilé náà nìkan tó iṣẹ́ àárọ̀ kan. Ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ òkúta, àmọ́ iwájú tó kọjú sí títì, igi ni. Àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, bí ẹni tó ń na ọrùn wo ìsàlẹ̀. Ọmọ mi bi mí pé kí ló dé.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Dádì. Ṣé kò ní ṣubú lulẹ̀?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ìtì igi tó gbé àjà kì í parí sí ojú ògiri. Ó gùn kọjá rẹ̀ síta, ògiri òkè á sì jókòó sórí ìmú rẹ̀ níta yẹn. Ìwúwo ògiri òkè ń tẹ ìmú igi náà wálẹ̀, ìyẹn sì ń mú kí àárín igi nínú yàrá gbé sókè díẹ̀, kò ní tẹ̀ bí ènìyàn bá ń rìn lórí rẹ̀. Àwọn tó ń gbé òkè rí àyè sí i, òjò tó ń bọ́ láti òkè kò sì rọ̀ sára ògiri ìsàlẹ̀. Ní Brittany, ọ̀rọ̀ òjò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Òjò pa wá nígbà tí mò ń ṣàlàyé yìí lọ́wọ́, abẹ́ àjà tó yọ síta yẹn gan-an la sá sí.

Wọ́n gbẹ́ ère sára àwọn òpó iwájú náà: àwọn ẹni mímọ́ nínú aṣọ gígùn, àti àwọn ojú kan tí kì í ṣe ti ẹni mímọ́ rárá, tí wọ́n ya ẹnu, tí ojú wọn yọ síta. Afẹ́fẹ́ àti òjò ti fọ imú àwọn kan lọ.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló gba owó ìwọlé lọ́wọ́ wa. Ọmọ mi kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, bí a ṣe ń ṣe nílé, inú ìyá náà sì dùn débi pé ó fi ibi tó ti ń gba owó sílẹ̀, ó fúnra rẹ̀ mú wa wọlé.

Mi ò ní gbàgbé ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Láti ojú títì, ènìyàn á rò pé yàrá kékeré tó ṣókùnkùn ló ń wọ̀. Ó gba inú ṣọ́ọ̀bù iwájú kọjá, lẹ́ẹ̀kan náà, orí rẹ̀ ṣí. Gbọ̀ngàn kan ni, tí kò ní àjà kankan láti ilẹ̀ títí dé abẹ́ òrùlé. Ìmọ́lẹ̀ ń ti òkè pátápátá bọ̀ wálẹ̀, ó ń rọra fara ra igi dúdú bí ẹni ń da òróró. Ìdí iná òkúta ńlá kan wà lára ògiri, tó ga ju mi lọ. Ní igun kan ni àtẹ̀gùn náà dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ètò ilé náà ṣe rí, nítorí ọgbọ́n inú rẹ̀ ni mo bá lọ. Ilẹ̀ tí oníṣòwò ní láàrin ìlú kò fẹ̀, ó kàn gùn lọ sẹ́yìn. Ògiri rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ti aládùúgbò ni, kò lè fi fèrèsé síbẹ̀. Ó wá kọ́ ilé méjì: ọ̀kan níwájú lójú títì, ọ̀kan lẹ́yìn, ó sì fi gbọ̀ngàn sáàárín wọn, kí ìmọ́lẹ̀ lè ti òkè wọlé. Ohun tí àgbàlá jẹ́ fún agbo ilé wa náà ni, ojú ọ̀run ni ilé fi ń ríran. Ṣùgbọ́n níbí, wọ́n fi òrùlé bò ó nítorí òtútù. Báwo ni ẹni tó wà ní yàrá òkè níwájú yóò ṣe dé yàrá òkè lẹ́yìn? Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, ní igun gbọ̀ngàn. Ní àjà kọ̀ọ̀kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi kan yọ láti ara àtẹ̀gùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá lókè gbọ̀ngàn, ó sì so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní pondalez. Ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí afárá tí à ń gbà kọjá ló wọ ẹnu àwọn ará Brittany tó di bẹ́ẹ̀. Morlaix yìí nìkan ni irú ilé bẹ́ẹ̀ wà.

Mo wá rí ohun tí ti London kò lè fi hàn mí. Òpó àtẹ̀gùn náà, tó kún fún ère láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ibi tí ojú gbogbo ará ilé ń kọ sí ni. Ẹni tó ń dáná ń rí i, oníbàárà tó bá yọjú láti ṣọ́ọ̀bù ń rí i, ẹni tó dúró ní pondalez òkè kẹta ń rí orí ère tó kẹ́yìn ní ọ̀kánkán ojú ara rẹ̀. Agbẹ́gilére náà mọ ibi tí olúkúlùkù yóò dúró kó tó fi irin kan igi. Ohun tí Ọlọ́wẹ̀ mọ̀ nìyẹn pẹ̀lú, nígbà tó gbẹ́ òpó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọba: ó mọ ibi tí ọba yóò jókòó, ó mọ ibi tí àlejò yóò dọ̀bálẹ̀ sí.

Ìyá náà ní a lè gùn ún, ṣùgbọ́n kí a má pọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ọwọ́ kan òpó. Orúnkún ère kan wà ní ibi tí ọwọ́ ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ti máa ń gbá a mú, ó ti ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Àkàsọ̀ kọ̀ọ̀kan ti jẹ láàárín, ó ti ní kòtò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ojú ọlọ. Mo dọ̀bálẹ̀ láti wo abẹ́ rẹ̀. Ihò ni wọ́n gbẹ́ sí ara igi kan, wọ́n yọ ahọ́n sí ìkejì, wọ́n ti ahọ́n bọ ihò, wọ́n sì fi èèkàn igi gbá a. Ihò èèkàn tó wà lára ahọ́n kì í ṣe déédéé pẹ̀lú èyí tó wà níta. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sún un ní ìwọ̀n ìbú ewé díẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe ń gbá èèkàn wọlé ni yóò máa fa igi méjèèjì mọ́ra. Igi óòkù tútù ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Bí ó bá ń gbẹ lọ́dọọdún, ńṣe ni yóò máa dì mọ́ èèkàn náà sí i. Lẹ́yìn bí 500 ọdún, mi ò lè ti ìmú ọ̀bẹ bọ àárín wọn.

Ọmọ mi ló rí àmì. Lẹ́bàá ibi tí ìtì igi méjì ti pàdé, ẹnì kan ti fi irin fa ìlà mẹ́ta àti àgbélébùú kan. Àmì káfíńtà ni. Ilẹ̀ ni wọ́n ti máa ń to gbogbo igi ilé pọ̀ kọ́kọ́, wọ́n á sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tú u, kí wọ́n tó wá gbé e dúró níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí. Ẹni tó ń gbé e sókè á mọ èyí tó bá èyí mu. Èmi náà ń sàmì sí igi mi bẹ́ẹ̀ ní London, pẹ́ńsù ni mo ń lò. Mo fi ìka wa ìlà ọ̀hún. Ẹni tó fà á kò ní orúkọ nínú ìwé kankan.

"Dádì," ọmọ mi ní, "kí ló dé tí wọn ò gbé èyí náà lọ?"

Mo ní kó bi ìyá náà. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní ọ̀pọ̀ irú ilé yìí ni wọ́n ti wó láyé ìgbà tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ títì tó gbòòrò àti ilé òkúta tuntun, tí àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́ sì ń ra àtẹ̀gùn wọn. Èyí ló kù nítorí pé wọ́n tètè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. "Àti nítorí òrùlé," ó ní. Ọmọ mi rò pé òun ò gbọ́ dáadáa, ó tún bi í. Ìyá náà nàka sókè. Ó ní ẹnì kan ti ń tún òrùlé náà ṣe ní gbogbo ìran tó ti kọjá.

Kí a tó lọ, mo rántí ọ̀rọ̀ bàbá mi. Mo ní kí ọmọ mi tan fóònù rẹ̀ sílẹ̀ kó máa gba ohùn. Kò sí àlejò mìíràn nínú ilé. Mo gun àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, jẹ́jẹ́, mi ò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ Ẹtì. Grand'Rue

Òpópónà tí wọ́n ń pè ní Grand'Rue kò gbòòrò, ó kàn jẹ́ pé òun ni ọ̀nà ọjà láyé àtijọ́. Ilé nọ́ńbà 9 ibẹ̀ jẹ́ ilé pondalez mìíràn, tó wà lábẹ́ mùsíọ́mù ìlú. Gbọ̀ngàn kan náà, ìdí iná kan náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà lókè. Níwájú àwọn ilé bẹ́ẹ̀, pèpéle òkúta wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, orí rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ọjà sí.

Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni ọjà náà. Abúlé tó yí Morlaix ká ló ń gbin ọ̀gbọ̀, tó ń hun ún, ìlú yìí ló sì ń kó o gba odò lọ sókun, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Spain. Owó aṣọ ló gbẹ́ ère sára òpó. Ó sì fa ọ̀tá wá: ní 1522, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú, wọ́n kó o, wọ́n sì dáná sun ún. Láti 1542 ni àwọn ará ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi sórí àpáta kan lẹ́nu odò, Château du Taureau, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú wọn pa, nítorí ó dún bí "bù wọ́n jẹ" ní èdè Faransé, ni pé bí wọ́n bá bù ọ́ jẹ, bù wọ́n jẹ padà.

Ọ̀sán ọjọ́ yìí ló ṣe mí láǹfààní jù, mi ò sì retí rẹ̀. Nínú ọ̀nà tóóró kan, wọ́n fi igi gbé iwájú ilé kan ró, ọkùnrin kan sì wà níbẹ̀ tó ń gé ìdí òpó óòkù tó ti jẹrà. Mo dúró. Ó wo ọwọ́ mi, ó rí àpá ayùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a súnmọ́ tòsí.

Ó fi ibi tó jẹrà hàn mí. Ẹnì kan ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ iwájú ilé náà nígbà kan rí. Amọ̀ àti koríko gbígbẹ ni wọ́n fi dí àárín àwọn òpó láyé àtijọ́, pẹ̀lú òkúta ẹfun tí wọ́n sun tí wọ́n fi rẹ́ ojú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ń mí. Omi tó bá wọlé á tún bá atẹ́gùn jáde. Sìmẹ́ǹtì kò mí. Omi wọlé, kò rọ́nà jáde, ó jókòó sídìí òpó, olú kan tí wọ́n ń pè ní mérule sì gba ibẹ̀. Ó ní àwọn ilé ẹkùn yìí ń bẹ̀rù olú ọ̀hún ju iná lọ, torí pé inú òkùnkùn ẹ̀yìn ògiri ló ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó fún mi ní ègé igi kan. Ó fúyẹ́ bí kànìnkànìn, ó sì ti fọ́ sí igun mẹ́rin mẹ́rin bí búrẹ́dì tó gbẹ. Mo fún un mọ́ ọwọ́, ó di ẹ̀tù.

Ohun kan náà ni mo rí tí wọ́n ṣe sí ilé bàbá bàbá mi ní Ìkẹ́rẹ́. Ògiri amọ̀ tó ti dúró kí wọ́n tó bí bàbá mi, wọ́n ní kó lè rí bí ilé tuntun, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lóde. Kò pé ọdún mẹ́wàá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ láti inú.

Ọkùnrin náà kò yọ òpó ọ̀hún jù nù. Ìdí tó jẹrà nìkan ló gé kúrò, ó wá ń gbẹ́ igi tuntun tí yóò so mọ́ èyí tó kù. Ojú ìsopọ̀ náà kì í ṣe gbọọrọ. Ó ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ, ègé kan wọnú ègé kejì, ó sì fi èèkàn há a láàárín kó fún pinpin. Mo mọ ìsopọ̀ náà, mo ti ṣe é rí, ṣùgbọ́n mi ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Faransé: ìlà Jupiter, nítorí pé ó rí bí mànàmáná. Jupiter ni òrìṣà àrá àwọn ará Róòmù àtijọ́. Mo ní kí ọmọ mi sọ fún un pé bí ọ̀dọ̀ wa bá ni, ìlà Ṣàngó ni à bá pè é. Ó ní kí n tún orúkọ náà pè. Ó pè é tẹ̀ lé mi, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára igi tuntun náà, ní apá tí yóò wọ inú.

Ní alẹ́, a jẹ galette. Ìyẹ̀fun rẹ̀ dúdú bí èlùbọ́, wọ́n ń tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí irin gbígbóná, wọ́n á fọ́ ẹyin sí i, wọ́n á ṣẹ́ etí rẹ̀ bò ó. Níbi tí a ti ń jẹun ni ọmọ mi ti bi mí bóyá a ní irú òfin tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Mo ní a ní in. Mo sọ fún un nípa Ilojo Bar ní Tinubu Square l'Ékòó, ilé àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà bọ̀, tí ìjọba kéde ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

"Pẹ̀lú òfin yẹn?"

"Pẹ̀lú òfin yẹn."

Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló ń tún òrùlé ẹ̀ ṣe nígbà náà, Dádì?" Mi ò ní èsì fún un. Láàrin 1956 sí 2016 jẹ́ ọgọ́ta ọdún, ìbéèrè yẹn ló sì yẹ kí a ti máa bi ara wa ní ọdọọdún.

Níhìn-ín, kì í ṣe ilé tó wà nínú ìwé nìkan ni òfin dì mú. Láti 1943, ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà láàrin mítà 500 sí irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ojú sì lè rí méjèèjì pọ̀, bó bá fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé lásán, ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ayàwòrán-ilé ìjọba kọjá. Mo rò ó títí mo fi sùn.

Ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìpadàbọ̀

Ọjọ́ ọjà ni. A ra bọ́tà àti wàrà líle, a sì tún gba rue du Mur kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀nà wa. Òjò ò rọ̀ lónìí. Oòrùn àárọ̀ bọ́ sára ère iwájú ilé náà, mo sì rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ojú tó ya ẹnu yẹn, eyín rẹ̀ pé. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ka eyín ọ̀hún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi gíga tí ẹni tó wà nílẹ̀ kò ti lè rí i àfi bí oòrùn bá yọ sí i.

Bọ́ọ̀sì, Roscoff, èbúté. Kí ọkọ̀ tó gbéra, a pe Ìkẹ́rẹ́. Ọmọ mi kí bàbá àgbà rẹ̀, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ gbọ́ nǹkan kan," ó sì tan ohùn tó gbà sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Ìṣísẹ̀ mi nìkan ló ń dún ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, igi dáhùn: ohùn kékeré kan ní àkàsọ̀ kẹta, òmíràn tó jinlẹ̀ níbi tí àtẹ̀gùn ti lọ́, tó fi jẹ́ pé òpó fúnra rẹ̀ ló dún, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè. Bí mo ṣe ń gòkè ni ohùn náà ń dín, tí gbọ̀ngàn náà sì ń fèsì.

Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ títí ó fi parí.

"Kò tíì rẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ẹ tún tan ohùn náà fún mi."